Láìnì Tí Adéfúnkẹ́ Fi Àtàǹpàkò Rẹ̀ Gbà

Tí èèyàn bá ti Ìjerò wọ Ìpotí, tó kọjá ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, á rí ṣọ́ọ̀bù onípákó kan tí wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kùn. Adéfúnkẹ́ Àlàó ló ni ín. Ó ń ta láìnì níbẹ̀, ó ń ta káàdì ìpè, ṣùgbọ́n fóònù tó ń bá àwọn èèyàn ṣáàjì gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, ará Ìkìrun ni. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe. Ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko ló kó irinṣẹ́ rẹ̀ dé Ìpotí, kò sì padà sílé mọ́. Ìpotí ni wọ́n bí Adéfúnkẹ́ sí. Ibẹ̀ ló ti lọ sílé ìwé, ibẹ̀ ló lọ́kọ sí kí ọkọ tó kú, ibẹ̀ ló bí Glory sí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ilé-Ifẹ̀. Èdè Ìpotí tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, bí ará Ìkìrun bá gbọ́ ọ, á ní kí ló ń wí. Síbẹ̀, bí ìjà bá ti dé, ọmọ Ìkìrun ni wọ́n ń pè é. Ó ti mọ̀ ọ́n mọ́ wọn. Tó bá ti gbọ́ "ọmọ Ìkìrun," ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà nìyẹn.

Iná ìjọba ní Ìpotí, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá. Nítorí náà, àwọn tó ń lọ sóko láàárọ̀ máa ń yà lọ́dọ̀ Adéfúnkẹ́, wọ́n á gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á gbà á bí wọ́n bá ń bọ̀. Sólà ló gbé sórí páànù ṣọ́ọ̀bù. Wọn kì í sì í gbé fóònù lásán sílẹ̀. Wọ́n á sọ pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ fún un.

"Ìyá Glory, tí ọmọ mi bá pè láti Èkó, ẹ bá mi gbé e."

"Ìyá Glory, ẹ bá mi wo Wásáàpù bóyá wọ́n ti fèsì."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn míì ò tiẹ̀ rántí pásíwọ̀ọ̀dù ara wọn mọ́, Adéfúnkẹ́ ló ń bá wọn rántí. Ohun tí wọ́n bá ní kó ṣí ló ń ṣí. Èyí tí wọn ò bá ní kó ṣí, kò ní fọwọ́ kàn án. Ó ti ka ìròyìn òkú fún èèyàn rí níbi tábìlì yẹn. Ó ti ka ọ̀rọ̀ ọkọ tó ní òun ò ṣe mọ́. Kò sẹ́nì kan nínú ìlú tó lè ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba wá ní gbogbo láìnì gbọ́dọ̀ ní ojú àti ìka ẹni tó ni ín, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kékeré kan fún Adéfúnkẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbà. Àwọn tíṣà ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbà. Ṣùgbọ́n tó bá kan àwọn àgbà tó ti ń fi àdá ṣán kòkó láti kékeré, tí omi kòkó ti bó àtẹ́lẹwọ́ wọn lọ́dọọdún, ẹ̀rọ á tan iná pupa. Wọ́n á nù ún mọ́ aṣọ, wọ́n á tún un tẹ̀. Pupa ni. Ìka wọn ti dán, kò sí ìlà kankan lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí irú wọn máa lọ sí Adó. Ta ló fẹ́ gbé àgbàlagbà lọ sí Adó nítorí láìnì? Adéfúnkẹ́ bá ti àtàǹpàkò tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ ya ojú tirẹ̀, láìnì sì ṣí. Ó rí i bíi kéèyàn bá arúgbó gbé ẹrù karí. Kò mọ̀ pé orúkọ òun lòun ń pín fún wọn.

Bàbá Dúrótoyè wà nínú àwọn tó ṣe é fún.

Ìbò ń bọ̀ lọ́dún yẹn. Ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà gbé tiransifọ́mà kan wá sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, wọ́n gbé e gun sìmẹ́ńtì, wọ́n ta ríbọ́ọ̀nù yí i ká, wọ́n sì jó níwájú rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni ọ̀rọ̀ ẹnu kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí Wásáàpù. Àárín àwọn àgbẹ̀ kòkó ló ti kọ́kọ́ jáde, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti dé Ìkòrò àti Òkè-Ìmẹ̀sí. Ohùn àgbàlagbà ni, ó ń wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ará ùlú, èmi ò jà o. Mo kàn ní kí n bi yín léèrè ni. Tiransifọ́mà tí wọ́n ń jó yí ká un, tí wọ́n ní tuntun ni, ẹ lọ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ibi tí oòrùn ti ń là. Ní ìbò tó kọjá, ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, mo fẹ̀yìn tì í, àdá ọwọ́ mi ha á lára. Ìbò parí, wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní àwọn ń lọ tún un ṣe. Uná kan ò ti ibẹ̀ jáde rí. Ó tún ti dé báyìí. Wọ́n ti kùn ún. Àmọ́ ojú àdá mi ṣì wà níbẹ̀ o. Ó kí mi, èmi náà kí i."

Gbogbo ìlú lọ wo ojú àdá. Ẹgbẹ́ gbé ọ̀dà wá, wọ́n tún un kùn, ibẹ̀ wá tàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ ohùn yẹn. Bàbá Dúrótoyè ló máa ń gbàdúrà parí ìpàdé àwọn àgbẹ̀, ikọ́ yẹn sì ń bá a ṣe àdúrà lọ́dọọdún. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n jù ni Tìmílẹ́yìn, Dírẹ́tọ̀ ìròyìn fún ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wọn. Ìyá Tìmílẹ́yìn, àbúrò Bàbá Dúrótoyè ni. Bàbá yẹn ló gbé e pọ̀n lọ sí ọsibítù nígbà tó wà lọ́mọdé tí ejò bù ú jẹ.

Tìmílẹ́yìn dé ṣọ́ọ̀bù Adéfúnkẹ́ ní ọ̀sán, òun àti ọkùnrin méjì tó wá láti Adó nínú jíìpù kan tí kò ní nọ́ńbà. Wọn ò wọ aṣọ ìjọba. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ ẹ̀pà.

"Ìyá Glory, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kúu, Dírẹ́tọ̀. Ẹ jókòó."

"A ò jókòó." Ó na ìwé kan sí i. Nọ́ńbà fóònù wà lórí rẹ̀, orúkọ Adéfúnkẹ́ wà lábẹ́ nọ́ńbà, fótò rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, pẹ̀lú ìborùn búlúù tó fi bora lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ya ojú rẹ̀. "Fótò yín nìyí àbí ti aládùúgbò yín?"

"Èmi ni."

"Orúkọ yín ńkọ́?"

"Orúkọ mi ni."

"Ó dáa. Orí nọ́ńbà yìí ni wọ́n ti bú ẹgbẹ́ kárí Èkìtì."

Adéfúnkẹ́ wo ìwé náà, ó wo ojú Tìmílẹ́yìn. "Dírẹ́tọ̀, ẹ̀yin náà mọ ohùn yẹn."

"Ohùn wo? Mi ò mọ ohùn kankan. Ìwé ni mo mọ̀ ọ́n kà." Ó ká ìwé náà. "Òfin wà fún ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ ayélujára ba èèyàn jẹ́. Òmíì wà fún ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ gba láìnì fún ẹlòmíì. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì, ẹ mú u."

"Ó lè mú méjèèjì," ni ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà wí, ó sì fẹ́ èèpo ẹ̀pà sórí tábìlì.

Tìmílẹ́yìn wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀. Ó wo àwọn fóònù tó tò jọ lórí tábìlì tí wọ́n ń mu iná.

"Fóònù gbogbo ìlú ló ń jókòó síwájú yín. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Mo máa gbé kọ̀ǹpútà mi wá lọ́jọ́ ọjà. Àwòrán onígun mẹ́rin kan á wà lójú rẹ̀, tótòtó dúdú funfun. Ẹ kàn máa ṣí Wásáàpù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ na kámẹ́rà fóònù sí i. Kò ju ìṣẹ́jú lọ. Ohun tí wọ́n bá ń bára wọn sọ, á máa hàn lọ́dọ̀ mi. Wọn ò ní mọ̀. Ìwé yìí á sì sọnù."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí ìbò á fi kọjá."

"Lẹ́yìn ìbò ńkọ́?"

Tìmílẹ́yìn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ń béèrè ọ̀rọ̀ bíi ti bàbá tiransifọ́mà."

"Ẹ ní bàbá," ni Adéfúnkẹ́ wí.

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó sún mọ́ tábìlì. "Ọmọ Ìkìrun ni yín o, Ìyá Glory. Kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ lé yín dé Adó níbí yìí. Ọjọ́ ọjà ni mo sọ. Bí mo bá dé tí iṣẹ́ ò sí, ẹ di aṣọ yín sílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ, ó gbá èèpo ẹ̀pà kúrò lórí tábìlì. Bó bá ṣí àwọn fóònù yẹn fún wọn, ilé rẹ̀ ló máa sùn. Bí kò bá ṣí i, Adó ló ń lọ, kò sì mọ ìgbà tó máa bọ̀. Kò ti ṣọ́ọ̀bù, ó kàn fi sílẹ̀ fún aláta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó máa wò ó, ó gun ọ̀kadà lọ sílé Bàbá Dúrótoyè.

Bàbá ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó lórí ẹní níta. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ti jáde, kò tún gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá mọ́, ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbà lọ sóko. Ó rí Adéfúnkẹ́, kò dúró, ó ń tú kòkó rẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"O ò. Ọjà ò tà lónìí ni?"

"Wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ mi. Tìmílẹ́yìn ló mú wọn wá."

"Tìmílẹ́yìn ò lè ṣe nǹkan kan. Ọmọ àbúrò mi ni. Ẹ̀yìn mi yìí ló tọ̀ sí."

"Ẹ̀yin ni kò lè ṣe nǹkan kan fún. Láìnì yẹn, orúkọ mi ló wà níbẹ̀, Bàbá."

Ó dúró wàyí. Ó wúkọ́, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. "Ṣé èmi ni mo ní kí o fi tìẹ sí i?"

"Ẹ ní kí n bá yín ṣe é."

"Mo ní kí o fún mi ní láìnì. Mi ò ní kí o fún mi ní orúkọ ẹ."

Bàbá ò wo ojú rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tú kòkó, ó ń tú ibi tó ti tú tẹ́lẹ̀.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n lọ bá wọn, kí n ní uṣẹ́ mi ni? Ní ọjọ́ orí mi yìí?"

"Mi ò ní kí ẹ ṣe nǹkan kan," ni Adéfúnkẹ́ wí. "Mo ní kí ẹ mọ̀ ni." Ó padà sórí ọ̀kadà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni tó bá gbé fóònù wá, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún un. "Ẹ yí pásíwọ̀ọ̀dù yín padà. Ẹ má sọ tuntun fún mi. Ẹ má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni." Kò sọ ìdí, nítorí bó bá sọ ìdí, á dárúkọ Tìmílẹ́yìn, wọ́n á sì béèrè ohun tó ń bá Tìmílẹ́yìn ṣe. Ó rò pé ohun rere lòun ń ṣe. Ohun tó bá a jẹ́ gan-an nìyẹn.

Tíṣà Eunice ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Eunice ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó padà wá sí ilé bàbá rẹ̀, kò sì sí ìpàdé tí kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ dé, ó gbọ́ ohun tí Adéfúnkẹ́ wí, ó gbé fóònù padà sínú báàgì.

"Kí nìdí tí a ó fi yí i padà?"

"Ó dára bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láti ọdún mélòó? Kó tó di òní, kò dára ni? Adéfúnkẹ́, kí lo ti rí nínú fóònù mi?"

"Mi ò rí nǹkan kan. Mi ò wo nǹkan kan."

"Ẹni tí kò wo nǹkan kan, kì í sọ fún èèyàn pé kó ti ilẹ̀kùn." Ó yíjú sí àwọn tó dúró. "Ẹ gbọ́ o. Wọ́n rí jíìpù ẹgbẹ́ níbí lánàá. Lónìí, ó ní ká yí pásíwọ̀ọ̀dù. Ó ti kà á tán ló ṣe ń sọ ọ́."

Ẹnì kan ní, "Amí ni." Ẹnì kan ní, "Ọmọ Ìkìrun sì ni, kí lẹ rò." Wọ́n kó fóònù wọn kúrò lórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn míì ò tíì kún, wọ́n fà á yọ lẹ́nu wáyà bẹ́ẹ̀ náà. Adéfúnkẹ́ ò bẹ̀ wọ́n. Ó ń bá wọn tú wáyà tó lọ́ mọ́ra wọn. Obìnrin kan gba fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó nù ún mọ́ ìró kó tó fi sápò, bíi pé ìdọ̀tí wà lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ọjà ṣe pé. Tìmílẹ́yìn dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lábẹ́ abíyá, jíìpù wà lẹ́yìn rẹ̀. Adéfúnkẹ́ jókòó sídìí tábìlì tó mọ́ fóó. Wáyà nìkan ló wà lórí rẹ̀.

"Àwọn fóònù dà?"

"Wọn ò gbé e wá mọ́. Wọ́n ní amí yín ni mí."

Tìmílẹ́yìn wo tábìlì, ó wo abẹ́ tábìlì. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà lọ́jọ́sí bú sẹ́rìn-ín. "Dírẹ́tọ̀, ẹ ò rẹ́ni lò o. Ẹ lọ gbé eégún, eégún ti bọ́ aṣọ."

"Ẹ pa ẹnu yín dé." Tìmílẹ́yìn yíjú sí Adéfúnkẹ́. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn."

"Mo sọ fún wọn kí wọ́n yí pásíwọ̀ọ̀dù. Ìyókù, àwọn ló sọ ọ́."

"Ẹ mọ ohun tí mo sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n." Ó fa báàgì kan yọ lábẹ́ tábìlì. Aṣọ ti wà nínú rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọ jíìpù lójú gbogbo ọjà. Àwọn èèyàn dúró wò ó. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló wá gbé e, wọ́n ń gbé e lọ gbowó iṣẹ́.

Wọ́n gba Ìjerò, wọ́n gba Aramọkọ, wọ́n bọ́ sí Adó. Ọ́fíìsì tí wọ́n gbé e lọ kò ní pátákó níwájú. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ sanra, ó ń fi páálí abẹ́bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ẹnu náà, ohùn Bàbá Dúrótoyè kún yàrá, tòun ti ikọ́.

"Ìwọ lo sọ̀rọ̀ yìí?"

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ohùn yẹn bí mo ṣe gbọ́ ọ."

"Mi ò bi ọ́ nípa ohun tí mo gbọ́. Orúkọ ta ló wà lórí láìnì?"

"Orúkọ mi."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ̀rọ ò gba ìka ẹni tó ni ín. Ìka rẹ̀ ti jẹ tán."

"Ìka tó jẹ tán. Ṣé adẹ́tẹ̀ ni?"

"Kòkó ló ń gbìn."

"Orúkọ rẹ̀?"

Adéfúnkẹ́ dákẹ́. Kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ràn Bàbá Dúrótoyè lákòókò yẹn. Inú rẹ̀ ò dùn sí i rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn kì í ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọ̀gá tún bi í. Ó mi orí. Ọ̀gá ní kí wọ́n mú un lọ síbi bẹ́ǹṣì, ó ní tó bá ti rántí orúkọ kó kan ilẹ̀kùn. Yàrá kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ń tì í mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á tún mú un padà sórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò lù ú. Wọn ò bá a sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ á gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bíi pé àga ni.

Bó ṣe ń jókòó báyìí ni Bàbá Dúrótoyè wọlé, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà Eunice ló mú un wá, ó gbé báàgì há abíyá.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Eunice wí. "Kì í ṣe nítorí tìẹ ni mo ṣe wá. Bàbá ló ní òun ò mọ Adó."

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adéfúnkẹ́. Ó mí díẹ̀. "Tìmílẹ́yìn wá sí ulé mi," ló wí, kò wo ojú rẹ̀. "Ó ní kí n máa jẹun mi, wọ́n ti rí ẹni tó máa rù ú. Ó na fóònù sí mi lẹ́nu. Ó ní kí n tún sọ̀rọ̀ míì, kí n yin tiransifọ́mà. Kí n ní ohùn tó kọ́kọ́ jáde un, wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe é ni."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo wúkọ́ sí i."

Ọ̀gá pè wọ́n wọlé. Bàbá ní òun lòun sọ̀rọ̀, òun sì ti sọ ọ́ tán, kí wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ohùn yẹn, ó gbọ́ ikọ́ yẹn, ó dúró pẹ̀lú abẹ́bẹ̀ lọ́wọ́. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n kò wù ú. Obìnrin oníláìnì ni wọ́n ní kó mú, kì í ṣe arúgbó tó lè kú sí i lọ́rùn nígbà ìbò. Ó tẹ fóònù, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta.

"Dírẹ́tọ̀, bàbá kan wà níbí. Ó ní Dúrótoyè lòun ń jẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá yín lòun. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Wọ́n ń gbọ́ ìró rédíò níbi tí Tìmílẹ́yìn wà.

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Bàbá tẹ̀ síwájú, ó gbé ẹnu sún mọ́ fóònù. "Tìmílẹ́yìn. Èmi ni."

Fóònù kú. Bàbá ò gbé orí sókè lójú ẹsẹ̀. Ó ń wo fóònù náà bíi pé ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

"Ó dáa," ni ọ̀gá wí. "Dírẹ́tọ̀ ò mọ̀ yín, èmi náà ò mọ̀ yín. Ẹ máa gbé ara yín lọ." Ó fa ìwé kan jáde. Ó ní wọ́n máa ti láìnì náà pa, Adéfúnkẹ́ á sì máa wá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é, títí ìbò á fi kọjá. Bàbá ló máa dúró fún un, kó tẹ̀ka síbẹ̀.

Bàbá ti àtàǹpàkò bọ yíńkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Dúdú roboto kan ló wà níbẹ̀, kò sí ìlà kan lára rẹ̀, bíi kí epo kán sílẹ̀. Ọ̀gá ní kó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó fi ti òsì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá gbé ìwé sókè síbi iná, ó wò ó títí, ó wá wo Adéfúnkẹ́.

"Ohun tí mo sọ nìyẹn," ni Adéfúnkẹ́ wí.

"Kò kàn mí. Ìwé gbọ́dọ̀ ní ìka." Ó ti yíńkì sí i. "Bá a tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa lọ. Kò sẹ́ni tó máa wò ó."

Adéfúnkẹ́ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Rárá."

"O fẹ́ sùn níbí?"

"Mi ò tẹ̀ka fún ẹnikẹ́ni mọ́." Ó padà síta, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

Bàbá Dúrótoyè dúró láàárín yàrá, yíńkì lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò mọ ibi tó máa nù ún sí. Eunice wò ó, ó wo bẹ́ǹṣì níta, ó wo agogo ara ògiri. Ó pòṣé. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó ti àtàǹpàkò tirẹ̀ bọ yíńkì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé níbi tí wọ́n kọ orúkọ Dúrótoyè sí. Ó jáde kedere, gbogbo ìlà rẹ̀ pé.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ló wí. "Mọ́tò Ìjerò máa tó kún."

Láìnì yẹn ti kú. Ìgbà méjì ni wọ́n ti tún pe Adéfúnkẹ́ sí Adó, ó sì lọ. Tiransifọ́mà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kò tíì tan iná. Àwọn fóònù ò padà sórí tábìlì rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn tó sì ń gbé e wá, wọ́n á pa á kí wọ́n tó fún un.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, nínú mọ́tò, Bàbá Dúrótoyè jókòó síwájú, ó sùn. Adéfúnkẹ́ àti Eunice wà lẹ́yìn. Wọ́n ti kọjá Aramọkọ. Eunice ń nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ hánkáṣíìfù, ó fi itọ́ sí i, ó tún nù ún.

"Kò ní lọ lónìí," ni Adéfúnkẹ́ wí.

Eunice ká ìka náà sínú àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń wo ìta títí wọ́n fi dé Ìjerò.